Ojú-Ìwé Méjìlá Tó Gbẹ̀yìn

N kò ka ìwé mẹ́fà tán. Mo fẹ́ fúnra mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ìwé karùn-ún ni mo wà nígbà tí bàbá mi ṣaláìsí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbí ní Ọ̀fà. Ó ní ilé-ìwé kò lè bọ́ ẹnu mẹ́rin. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. N kò tíì dárí jì í.

Ṣùgbọ́n wọ́n mú mi kúrò nílé-ìwé ni, wọn kò mú ìwé kúrò lọ́wọ́ mi. Bàbá kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa nígbà náà, Bàbá Ọlánípẹ̀kun, tó máa ń ta ìwé àlòkù lórí òṣùwọ̀n fún àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà láti fi wé ọjà wọn. Ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn náà máa ń wà láàárín wọn. Bí mo bá rí ọ̀kan, màá wá ìwé ìròyìn tó wúwo tó o lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wa, màá gbé e lé orí òṣùwọ̀n, Bàbá á sì fún mi ní ìtàn náà. Òun kò bìkítà nípa ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ó ní àkàrà kì í kàwé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta jọ. Inú àpótí páànù kan lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni wọ́n wà. Ìwé tí kò bá ní ẹ̀yìn, ìwé àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi ń ṣe ẹ̀yìn fún un. Èyí tó bá ti ń tú, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí mo fi ń rán ṣòkòtò ni mo fi ń rán an, ìdìpọ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú kókó tirẹ̀. Àjákù aṣọ tí mo bá ń rán lọ́wọ́ ni mo fi ń sàmì síbi tí mo kà dé. Bí mo bá ṣí ìwé kan lónìí tí mo rí àjákù léèsì aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọdún tí wọ́n gbé ìyàwó fún Àkàndé oníbàárà mi ni mo kà á, mo sì rántí pé aṣọ náà fún un lápá, pé ó ní èmi ni mo gé e kéré.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti ka àwọn kan nínú wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn rò. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó dá lórí ìtọ́jú ewúrẹ́. N kò sin ewúrẹ́ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Bí ewúrẹ́ kò bá jẹun láàárọ̀, má dúró dọ̀la." Bí mo bá ti ka ìwé ìtàn kan tí ẹnu òǹkọ̀wé rẹ̀ gbòòrò jù, ìwé ewúrẹ́ yìí ni mo fi ń ṣan ẹnu. Mo tún ní ìtàn ọkùnrin kan tó tọ́ ọmọ ọ̀tá rẹ̀ dàgbà. N kò gba ìtàn yẹn gbọ́ rárá, síbẹ̀ mo ń kà á ní ọdọọdún láti wò ó bóyá màá gbà á gbọ́. Ohun tí n kò fẹ́ nínú ìwé ni kí àrá sọ̀kalẹ̀ wá pa ẹni burúkú. Ìwà ẹni burúkú ló yẹ kó pa á.

Láàárín ìrun Àsùbáà sí àkókò tí mo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń kàwé. N kì í kàwé níbi oúnjẹ, nítorí epo. Àṣà mi tó ya Safiyat ìyàwó mi lẹ́nu jù ni pé n kì í ka ìparí ìwé bí kò bá ṣe ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá ku orí kan, màá dúró. Màá fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé, kí ojú mi má bàa jí i kà, màá gbé bírò, màá sì kọ ohun tí mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ yípo etí ojú-ìwé tó kù. Lẹ́tà kéwú ni mo fi ń kọ Yorùbá náà. Ọwọ́ mi yá nídìí rẹ̀ ju ti A, B, D lọ, nítorí ilé-kéwú ni ẹnikẹ́ni kò mú mi kúrò. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, màá jókòó, màá ka ìparí náà, màá sì mọ ẹni tó gbọ́n jù láàárín èmi àti òǹkọ̀wé.

Àṣà yìí ló ba ọ̀rẹ́ èmi àti Kábírù jẹ́.

Kábírù àti èmi jọ kọ́ kéwú lórí wàláà kan náà. Òun parí ilé-ìwé, ó di tíṣà. Ìwé tí mo bá kà tán, òun ló kàn. A máa ń jiyàn lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi títí àwọn oníkẹ̀kẹ́ á fi dúró láti bi wá léèrè ẹni tó kú.

Ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, mo gba ìwé kan lọ́wọ́ Bàbá Ọlánípẹ̀kun tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò ní orúkọ, tí n kò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìtàn obìnrin kan ni, tó ń ta gbànja. Ó kó agbọ̀n mẹ́jọ sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń lọ sókè Ọya. Nígbà tí wọ́n dé Jẹ́bà, agbọ̀n méje ló bá. Obìnrin yìí kò gbà. Ó ń wọkọ̀ lọ, ó ń wọkọ̀ bọ̀, ó ń bi gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí irun rẹ̀ fi hu ewú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Èmi náà kò lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo kà á dé orí tó kẹ́yìn, ojú-ìwé méjìlá. Mo kọ èrò mi sí etí wọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo sì ń retí Jímọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ibà ti dá Kábírù dùbúlẹ̀ nílé ìyá rẹ̀. Mo lọ kí i. Ó ní, "Tàjù, àjà ilé ni mò ń kà láti àná. Bá mi wá nǹkan." Àánú ṣe mí. Mo gbé ìwé náà fún un. Mo ní Jímọ̀ kan ni yóò yẹ̀, òmíràn á dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí i lójú rẹ̀. Ìdìpọ̀ tó gbẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Òwú mi kò já. Ṣe ni wọ́n tú kókó rẹ̀.

"Kábírù, èyí tó kù dà?"

"Èwo ló kù? Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mo rò pé bí o ṣe rà á ni."

"Ojú-ìwé méjìlá! Ọwọ́ mi ni mo fi rán an!"

"Nígbà náà, ọwọ́ rẹ lo fi tú u. Tàjù, ahun ni ọ́ nídìí ìwé, gbogbo Ọ̀fà ló mọ̀. O kò fẹ́ kí n mọ ìparí rẹ̀ ṣáájú rẹ."

Mo pè é ní olè. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, lójú àwọn oníbàárà. Kábírù sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì gbé ohùn sókè rárá.

Ó ní, "Ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà tán, kí ló fẹ́ fi ìparí ìwé ṣe?"

Ẹni mẹ́ta ló rẹ́rìn-ín. N kò rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́ títí di òní.

Láti ọjọ́ náà, n kò yá ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni èmi àti Kábírù ń lọ. Bí ó bá tò sí sàfù kìíní lẹ́yìn lèmọ́mù, èmi á wà ní ìkẹta. Bí ó bá kí mi ní sàlámà, màá dáhùn, nítorí ọ̀ranyàn ni. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Khàdíjàt ọmọ mi, tó wà ní Pólì, gbé ìtàn obìnrin olóbì náà sórí fóònù rẹ̀, ó bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ìwé tó jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Safiyat a máa sọ pé ìjà ilẹ̀ Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé yóò parí kí tèmi àti Kábírù tó parí.

Lọ́dún yìí, bí àwẹ̀ ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan, Safiyat bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Bàbá Khàdíjàt, ẹ ti gbọ́ pé ọmọ Kábírù ń bọ̀ wá kó o lọ sí Ìlọrin ní Sátidé? Òun àti Alhaja ìyá rẹ̀. Ojú Kábírù ti ṣú, kò ríwèé kà mọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọn yóò máa gbé, ibẹ̀ ni wọn á sì ti bá a ṣe ojú náà."

"Ọlọ́run á ṣọ́ wọn."

"Ẹ lọ kí i."

"Kí ló dé tí òun kò wá kí mi?"

"Ẹni tí kò ríran dáadáa ni ẹ ní kó wá máa wá yín kiri?"

Mo tẹ ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n bátánì tí mo fẹ́ ṣe sí àyà ẹ̀wù, ẹ̀yìn ni mo ṣe é sí, mo sì tú u. Bí Kábírù bá dé Ìlọrin, kò dájú pé a tún rí ara wa láyé. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè sọ fún mi bí ìwé náà ṣe parí.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ náà, Àfáà Habeeb, lèmọ́mù wa, pè mí. Wọ́n ń tún mọ́ṣáláṣí ṣe fún àwẹ̀. Àpò kan wà ní igun ibẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń kó tákàdá kéwú tó ti gbó sí, nítorí a kì í da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí ààtàn. Bí àpò náà bá kún, a óò sun ohun tó wà nínú rẹ̀, a óò sì ri eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpò yìí ti wà níbẹ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Àfáà ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣà wọ́n. Àwọn ìyá wa kò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n bá ti rí lẹ́tà Lárúbáwá lára nǹkan, ó di àpò. Ẹ wo èyí, páálí mílíìkì ni."

A rí páálí mílíìkì mẹ́rin, ìwé tí wọ́n ń fi sínú oògùn ibà, àti ìwé ìléwọ́ ilé-ìtura kan ní Mẹ́kà. Àfáà ń rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìdì kékeré kan tí wọ́n fi àǹkárá aláwọ̀ àlùbọ́sà dì. Mo mọ aṣọ náà kí n tó tú u. Èmi ni mo rán an fún Alhaja Hàlímàt, ìyá Kábírù, lọ́dún tó lọ sí Mẹ́kà. Mo tú u. Ọwọ́ ara mi ni mo rí, lẹ́tà kéwú wẹ́wẹ́, yípo etí ojú-ìwé méjìlá.

Àfáà ní, "Ṣé Kùránì ni?"

"Rárá," ni mo wí. "Tèmi ni."

Mo bá Alhaja lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ń ka tẹ̀sùbáà, àwọn àpótí tí wọ́n ti dì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ta nìyẹn? Tàjù? Ṣé kò sí o? Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo rò pé o mọ̀ lágbàáyé."

Mo na ìdì náà sí i. "Màmá, ẹ̀yin lẹ di èyí?"

Ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Èmi ni. Ọdún tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé Kábírù lọ. Mo wọlé, mo bá ìwé kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹní, ẹsẹ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u, jẹ́jẹ́, kí n má bàa ya á. Mo gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí."

"Ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ọmọ ń sùn, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ṣé a máa ń kéde iṣẹ́ láádá ni?"

"Màmá, ìwé yìí ni èmi àti Kábírù ń jà lé lórí láti ọdún mẹ́tàlélógún!"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́n. "Wọ́n ní ìwé ìtàn lẹ ń jà lé lórí. Èyí tí mo mú kì í ṣe ìwé ìtàn. Kéwú ni."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fọwọ́ wá ògiri bọ̀ láti inú ilé. Kábírù ni. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ funfun díẹ̀, ó kọ ọ́ sí apá ibi tí ohùn mi ti wá.

"Ṣé méjèèjìlá ló pé?"

"Ó pé."

"Jókòó. Kà á fún mi. N kò ka ìparí rẹ̀ rí, ìwọ lo kò gbà mí gbọ́."

Mo wo ojú-ìwé náà. Mo wo òòrùn. "Ọ̀la ni Jímọ̀," ni mo wí.

Kábírù bú sẹ́rìn-ín, tó fi di ilẹ̀kùn mú. "Àgídí! Ọdún mẹ́tàlélógún! Ìyá mi, ẹ gbọ́, ó ní kí n dúró dọ̀la!"

Ṣe ni mo ṣìnà nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, nínú ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo jókòó tì í lábẹ́ òrùlé ilé wọn, mo kà á sókè. Kí n má purọ́, ìparí náà kò dára. Ọlọ́pàá kan tí a kò gbúròó rẹ̀ rí látìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló ṣàdédé yọ, ó mú ọkùnrin kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n dá obì padà, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ń jó. Òǹkọ̀wé wá fi ojú-ìwé méjì gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n má jalè.

Kábírù ní, "Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

"Àrá ló kù kó sán. Tàjù, ṣé ohun tí a tìtorí rẹ̀ bínú nìyí? Èmi rò pé àbúrò obìnrin náà ni yóò jẹ́ olè." Ó fi ìka kan orúnkún mi. "Ka tìrẹ. Mo mọ̀ pé o kọ tìrẹ."

N kò rántí ohun tí mo kọ mọ́. Mo yí ìwé náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo ń tẹ̀lé lẹ́tà mi yípo etí. Mo kà á: "Kò sí olè kankan. Agbọ̀n méje ni obìnrin yìí kó wọ ọkọ̀. Ojú ń kán an, ó ṣì í kà. Ìkẹjọ wà nílé rẹ̀, níbi tó fi í sí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kò ní padà sílé wò ó, nítorí ó ti pe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní olè, bí ó bá sì rí i, kí ni yóò sọ fún wọn?"

Mo to àwọn ojú-ìwé náà jọ sórí itan.

"Tìrẹ dára ju ti òǹkọ̀wé lọ," ni Kábírù wí. "Kí o tó gbé e fún mi lo kọ ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e lo pè mí ní olè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀."

Ewúrẹ́ kan ń fa páálí kọjá níwájú wa. A jọ ń gbọ́ ariwo rẹ̀ títí ó fi wọ agboolé kejì.

"Ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́fà yẹn," ni Kábírù wí, "láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ ni mo ti fẹ́ gbé e mì. Tíṣà ni mí, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń kàwé tó ọ ní gbogbo ilé-ìwé tí mo ti kọ́ni. Má bínú."

"N kò tíì dárí jì ọ́ lórí ìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rán ìdìpọ̀ tó gbẹ̀yìn padà sí àyè rẹ̀, mo sì ta kókó mẹ́ta sí i. Mo fi àjákù àǹkárá aláwọ̀ àlùbọ́sà sàmì sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ lọ́sàn-án tí ẹnu mi kọ̀. Mo gbé bírò, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà ní lẹ́tà kéwú, pé Kábírù kò jí ohunkóhun, pé Tàjùdéèn ló pè é ní olè, Tàjùdéèn kò sì ṣe é re. Ẹni tó bá ń kàwé fún un ní Ìlọrin yóò kà á dé ibẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo bá wọn nídìí ọkọ̀. Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ òwú ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"O fún mi ni, àbí o yá mi?"

"Mo yá ọ ni. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò dá a padà. N kò gba aṣojú."

"Bí wọ́n bá ṣe ojú mi tán, màá wá. Màá sì ka iye ojú-ìwé rẹ̀ lójú rẹ."

Mo yí sí ìyá rẹ̀, tó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. "Màmá, ẹ óò rí kéwú lẹ́yìn ìwé yìí o. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u."

Alhaja tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Kí ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni," ó wí. "Bí mo bá bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá tú u."